Bí A Ti Ń Mọ Ohun Tí Ó Fa Ìbúgbàù Òkè Oníná Tí Kò Ṣojú Ẹnikẹ́ni

Àwọn òkè kan wà ní ayé tí inú wọn kò tutù. Òkè oníná ni à ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tí ó ń jí nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ yìí, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni iná ńlá tí ń ṣàn bí odò, àti èéfín tí ó bo ojú ọ̀run. Irú èyí kì í wáyé lójoojúmọ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ ni ìbúgbàù kékeré: òkè a dún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, a tu eérú àti òkúta díẹ̀ jáde, a sì tún dákẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ní òru, tàbí nígbà tí ìkúùkù bo orí òkè mọ́lẹ̀, tàbí ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè a rí eérú lórí ewé àti lórí páànù ilé wọn, wọn a sì máa béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè wọn kì í ṣe ti ọ̀fíntótó lásán. Ní oṣù kẹrin ọdún 1902, òkè Pelée, tí ó wà ní erékùṣù Martinique ní Òkun Karibíà, bẹ̀rẹ̀ sí í tu ooru omi àti eérú jáde níwọ̀nba. Ìlú Saint-Pierre wà ní ẹsẹ̀ òkè náà. Eérú bọ́ sí ìgboro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kúrò nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún, ìkúùkù gbígbóná tí ó kún fún gáàsì àti òkúta wẹ́wẹ́ ya láti orí òkè wọ inú ìlú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan bí 28,000 ènìyàn ti kú. Ìkìlọ̀ ni àwọn ìbúgbàù kékeré ìṣáájú wọ̀nyí jẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òkè mìíràn ni ó ti ṣe irú rẹ̀ gan-an, tí ohunkóhun kò sì tẹ̀lé e. Báwo ni a ó ti ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe ìkìlọ̀? Iṣẹ́ yìí ni ó já lé àwọn onímọ̀ àpáta lọ́wọ́, nítorí pé láti inú ohun tí ó fa ìbúgbàù ni a ti lè fòye mọ ohun tí ó lè tẹ̀lé e.

Ohun mẹ́ta tí ó lè fà á

Kí a tó wá ẹni tí ó ṣẹ̀, ó yẹ kí a mọ àwọn tí a lè fura sí. Mẹ́ta ni wọ́n.

Èkíní ni omi nìkan. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ń gba inú àpáta tí ó sán lọ sí ìsàlẹ̀, ooru tí ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ sì ń mú un gbóná. Omi inú ìkòkò tí ó wà lórí ààrò a máa hó nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n ooru 100 ní òṣùwọ̀n Celsius. Omi inú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹrù omi àti àpáta tí ó wà lókè rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ omi tí ó jìn tó mítà 100, omi kò ní hó títí yóò fi gbóná ju ìwọ̀n 180 lọ. Bí ohun kan bá wá ṣí ẹrù yìí kúrò lórí rẹ̀ lójijì, bí àpáta bá là tàbí bí ẹ̀gbẹ́ òkè bá ya, apá kan nínú omi náà yóò di ooru lójú ẹsẹ̀. Omi tí ó bá sì di ooru ní gbangba a máa gba àyè tí ó tó ìlọ́po 1,600 àyè tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú gúgúrú kò yàtọ̀ sí èyí: omi díẹ̀ tí ó wà nínú hóró àgbàdo ń gbóná, èèpo hóró náà há a mọ́, títí èèpo kò fi lè há a mọ́ mọ́. Nínú irú ìbúgbàù yìí, kìkì àpáta àtijọ́ tí ó wà ní ojú ọ̀nà ni ó ń fọ́ jáde. Kò sí ohun tuntun kan tí ó ti ìsàlẹ̀ wá.

Èkejì ni ìpàdé omi àti òkúta yíyọ́. Nísàlẹ̀ òkè oníná, ooru pọ̀ dé ibi pé òkúta ń yọ́ bí òrí tí a gbé ka iná. Bí òkúta yíyọ́ yìí bá gòkè wá, tí ó sì pàdé omi, omi yóò di ooru lójijì, òkúta yíyọ́ náà yóò sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni òkúta yíyọ́ fúnra rẹ̀, láìsí ìrànlọ́wọ́ omi òjò rárá. Gáàsì wà nínú òkúta yíyọ́ bí ó ti wà nínú ọtí ìgò. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá wà lórí ìgò, ọtí a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí a bá ṣí i, a hó yaya, a sì ru jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òkúta yíyọ́ ń ṣe bí ó bá ti ń súnmọ́ òkè tí ẹrù orí rẹ̀ sì ń fúyẹ́.

Létí ẹni tí ó wà lókèèrè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dún bákan náà. Eérú wọn lè ní àwọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Bí omi nìkan ni ó fà á, ó ṣeé ṣe kí ọ̀ràn náà parí síbẹ̀ nígbà tí omi tí ó há sínú òkè bá ti rí ọ̀nà jáde. Bí òkúta yíyọ́ bá lọ́wọ́ sí i, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, ohun tí ó sì tóbi ju ti òní lọ lè gba ọ̀nà náà lọ́la.

Eérú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni eérú. Eérú òkè oníná kì í ṣe irú eérú tí a ń kó kúrò nínú ààrò. Òkúta tí ó fọ́ kúnná ni. Onímọ̀ àpáta ní láti tètè dé ibẹ̀ kí òjò tó rọ̀, nítorí pé òjò a máa fọ iyọ̀ ara eérú lọ, a sì máa gbé èyí tí ó kúnná jù nínú rẹ̀ lọ. Yóò bù ú láti ibi tí ó mọ́, bí orí páànù tàbí orí ewé gbòòrò, kí iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ má ba à dà pọ̀ mọ́ ọn. Yóò kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀, àti wákàtí tí ó bù ú, àti bí ó ti nípọn tó. Nígbà tí ó bá padà dé yàrá iṣẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, yóò sì kó èérún rẹ̀ sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ohun tí ó ń wá níbẹ̀ ni dígí. Òkúta yíyọ́ tí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀ a máa to ara rẹ̀ jọ ní hóró hóró, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára àpáta tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tutù lójijì kò ní àyè láti to ara rẹ̀ jọ. Dígí ni ó ń dà. Bí dígí náà bá jẹ́ tuntun, ojú rẹ̀ a máa dán, etí rẹ̀ a mú bí abẹ, a sì máa ní ihò róbótó róbótó bí inú búrẹ́dì, níbi tí gáàsì ti hó jáde. Èérún àpáta àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kíkan tí ń ṣàn nínú òkè ti jẹ ẹ́ lára fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ ti kú, apá kan rẹ̀ ti di amọ̀ funfun, imí ọjọ́ sì lè wà lára rẹ̀, pẹ̀lú èérún kan tí ń tàn bí wúrà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ àdàpọ̀ irin àti imí ọjọ́. Eérú tí ó kún fún irú nǹkan báwọ̀nyí jẹ́rìí pé omi gbígbóná ti ń gbé inú òkè náà tipẹ́.

Títí dé ibi yìí, ọ̀ràn náà dà bí ẹni pé ó rọrùn: bí dígí tuntun bá wà, òkúta yíyọ́ ti dé, bí kò bá sí, omi nìkan ni. Àmọ́ ẹlẹ́rìí yìí lè tan ènìyàn jẹ. Òkè oníná jẹ́ òkìtì ohun tí ó ti tú jáde ní ayé àtijọ́, dígí sì wà nínú òkìtì náà. Bí omi bá fọ́ àpáta ògbólógbòó kan lónìí, dígí tí ó ti wà nínú àpáta náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí ẹgbẹ̀rún ọdún lè bá a jáde, kí ó sì máa dán bí ẹni pé àná ni a bí i, bí omi kíkan kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tí ó wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni onímọ̀ àpáta ń gbà láti bọ́ nínú ìtànjẹ yìí. Ó ń wọn ohun tí a fi ṣẹ̀dá èérún dígí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìyá ni èérún tí ó bá ti inú òkúta yíyọ́ kan ṣoṣo wá, wọ́n sì máa ń jọra. Bí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ni ó ní ìwà tirẹ̀, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé inú àpáta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́ jáde. Ó tún ń fi wọ́n wé dígí inú àpáta àtijọ́ orí òkè náà. Lẹ́yìn èyí, ó ń wo eérú ìbúgbàù kan tẹ̀lé òmíràn. Dígí díẹ̀ tí a rí lẹ́ẹ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Dígí tí ó ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà eérú nìkan kò tó láti dá ẹjọ́.

Òkúta tí ó fò láti ẹnu òkè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Kòtò tí ó gbẹ́ nígbà tí ó bọ́ sílẹ̀ ń fi ibi tí ó ti wá hàn, títóbi òkúta àti jíjìnnà rẹ̀ sí ẹnu òkè sì ń jẹ́ kí a lè ṣírò bí ó ti ń sáré tó. Bí ara òkúta náà bá là yàtọ̀ bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tí iná mú jù, yíyọ́ ni inú rẹ̀ wà nígbà tí ó ń fò: ara òde rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n gáàsì inú rẹ̀ ṣì ń wú. Bí ó bá jẹ́ àpáta ògbólógbòó, tí koríko tí ó bọ́ lé kò sì jó, ìtàn mìíràn ni ó ń sọ.

Ẹ̀rọ tí ń gba mímì ilẹ̀ sílẹ̀ kì í sùn ní òru, ìkúùkù kì í sì í dí i lójú. Àpáta tí ó là ń kọ irú ìlà kan sórí rẹ̀; omi tàbí gáàsì tí ń fi agbára gba inú ihò kọjá ń kọ òmíràn tí ó gùn tí kò sì tètè dáwọ́ dúró; òkè tí ó ya lulẹ̀ náà ní ìlà tirẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ó ń gbọ́ ìró tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ, tí ó sì ń fi ìṣẹ́jú ìbúgbàù gan-an hàn. A tún ń wọn ara òkè fúnra rẹ̀, nítorí pé òkúta yíyọ́ tí ó bá gòkè yóò wá àyè fún ara rẹ̀, òkè yóò sì wú.

Gáàsì ni ẹlẹ́rìí ìkẹyìn. Oríṣi gáàsì imí ọjọ́ méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, inú òkè tí omi gbígbóná pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ti wọ́pọ̀. Èkejì ń ta ènìyàn nímú, ó sì sábà máa ń ti ara òkúta yíyọ́ wá. Bí èkejì bá ń pọ̀ ju èkíní lọ, ó yẹ kí a fura. Ẹ̀tàn wà níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé omi a máa gbé gáàsì èkejì yìí mì, òkúta yíyọ́ sì lè wà nísàlẹ̀ kí gáàsì rẹ̀ má tíì fara hàn.

Òru kan ní Tongariro

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní New Zealand ní ọdún 2012 fi hàn bí a ti ń da ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí pọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó di agogo méjìlá òru, ẹnu òkè Tongariro kan tí ń jẹ́ Te Maari bú gbàù. Àsìkò òtútù ni, òkùnkùn sì bolẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ibẹ̀ ti dákẹ́, láti ọdún 1897. Òkúta fò ju kìlómítà kan lọ, ó sì da òrùlé ilé ìsinmi àwọn arìn-òkè tí a ń pè ní Ketetahi lu. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó kọjá níbẹ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn máa ń rìn lójúmọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí i padà láìmọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ àpáta rí i pé apá kan nínú ẹ̀gbẹ́ òkè ní Te Maari ti ya, ó sì ti ṣàn lọ sínú àfonífojì. Wọ́n ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò tí òkúta gbẹ́. Ìbéèrè wá di èyí: ṣé ìbúgbàù ni ó ya ẹ̀gbẹ́ òkè, àbí yíyà ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó fa ìbúgbàù? Bí ohun tí ó tú jáde ti tò léra wọn lórí ilẹ̀ dáhùn. Ilẹ̀ tí ó ya wà nísàlẹ̀, ohun tí ìbúgbàù tú jáde sì wà lórí rẹ̀. A jẹ́ pé yíyà ni ó ṣáájú. Ẹ̀rọ mímì ilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Omi gbígbóná ni ó há sábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè ni ìdérí rẹ̀, ìdérí sì ṣí.

Ọ̀rọ̀ kù lórí ohun tí ó mú ibẹ̀ gbóná. Ilẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀ ní oṣù keje, gáàsì sì ti pọ̀ sí i, èyí tí ó fi hàn pé ooru tuntun ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú eérú náà, dígí tí ó dà bí tuntun wà. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ìwà wọn kò jọra, wọ́n sì jọ ti àpáta àtijọ́ orí òkè náà. Ìdájọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé òkúta yíyọ́ lè ti mú ilẹ̀ gbóná láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò jáde. Omi ni ó bú gbàù.

Ohun tí àṣìkà ẹ̀rí lè ná ènìyàn

Ní ọdún 1976, a ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn, nígbà tí ara ń kán ènìyàn tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Òkè Soufrière wà ní Guadeloupe, erékùṣù Faransé tí kò jìnnà sí Martinique, tí àwọn ará ibẹ̀ kò sì tíì gbàgbé Saint-Pierre. Láti ọdún 1975 ni ilẹ̀ ti ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 1976, ó bú gbàù, eérú sì bo àwọn ìlú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbúgbàù mìíràn tẹ̀lé e.

Àwọn onímọ̀ pín sí méjì. Haroun Tazieff, tí ó ti rin orí òkè oníná púpọ̀ kárí ayé, sọ pé omi nìkan ni, kò sì sí ìdí tí a fi ní láti kó ènìyàn kúrò. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé pé a ti rí dígí tuntun nínú eérú náà. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, òkúta yíyọ́ ti dé òkè, irú ohun tí ó pa Saint-Pierre run sì lè wà ní ọ̀nà. Claude Allègre, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Paris, gbà pé kí a má ṣe fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè kúrò. Nǹkan bí 73,000 ènìyàn fi ilé, oko, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ààbọ̀.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, Tazieff àti Allègre wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn onímọ̀ mìíràn nígbà tí ó tún bú gbàù, òkúta sì ń rọ̀ lé wọn lórí bí òjò. Orí kó wọn yọ. Àríyànjiyàn wọn kò parí síbẹ̀. Ó wọ inú ìwé ìròyìn, ó sì di ìjà gbangba. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Paris láti yẹ ẹ̀rí wò. Ohun tí a pè ní dígí tuntun kì í ṣe dígí tuntun. Èérún àpáta àtijọ́ ni. Àwọn ènìyàn padà sílé ní oṣù Kejìlá. Ìbúgbàù tí ó kẹ́yìn wáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1977, kò sì sí ẹni tí òkè náà pa.

Ó rọrùn láti sọ lónìí pé Tazieff ni ó borí. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí a ti ṣe láti ìgbà náà lórí gáàsì àti lórí omi gbígbóná ẹsẹ̀ òkè náà mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkúta yíyọ́ gòkè díẹ̀ ní ọdún wọ̀nyẹn, pé ó sì dúró lọ́nà kí ó tó dé orí ilẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó bẹ̀rù kò bẹ̀rù lásán, àwọn tí ó ní omi ni kò sì purọ́. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé a gbé gbogbo ẹrù ẹjọ́ náà lé èérún eérú kan lórí kí a tó yẹ ẹ́ wò tán.

Mímọ ohun tí ó fà á kì í ṣe ààbò

Ibì kan ṣì kù tí ènìyàn ti lè ṣìnà, bí ó tilẹ̀ ti ka ẹ̀rí bí ó ti yẹ. Òkè St. Helens ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1980. Àpáta àtijọ́ ni eérú rẹ̀; omi ni ó fa àwọn ìbúgbàù wọ̀nyẹn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí àríwá ń wú jáde ní ohun tí ó tó mítà kan ààbọ̀ lójúmọ́. Òkúta yíyọ́ ni ó wọ inú rẹ̀, kò kàn tíì rí ojú ọ̀nà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ náà ya lulẹ̀, ìdérí ṣí, ènìyàn 57 sì kú. Ẹni tí ó gbọ́ ti eérú nìkan kò lè mọ̀ pé èyí ń bọ̀. Ẹni tí ó ń wọn ara òkè mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀.

Òdì-kejì rẹ̀ ni ti òkè Ontake ní Jápáànì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó bú gbàù nígbà tí àwọn arìn-òkè pọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí dígí tuntun nínú eérú rẹ̀, òkúta yíyọ́ kò sì tẹ̀lé e. Omi nìkan ni, gẹ́gẹ́ bí ti Te Maari. Ṣùgbọ́n ní Te Maari, òru ni. Ní Ontake, ọ̀sán gangan ni. Ènìyàn 63 ni ó kú tàbí tí a kò rí mọ́. Nítorí náà, gbólóhùn náà pé omi lásán ni kò tó láti fi fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni bí ewu náà ti lè tóbi tó. Kò sọ pé ewu kò sí fún ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu òkè.

Láti inú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ àpáta ti kọ́ àṣà kan tí ó yẹ olúkúlùkù ẹni tí ń ka ẹ̀rí. Wọn a máa ya ohun tí wọ́n rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí. Pé èérún dígí mélòó kan wà nínú eérú kan jẹ́ ohun tí a rí. Pé òkúta yíyọ́ ti dé orí òkè jẹ́ ìtumọ̀, ẹlẹ́rìí mìíràn sì gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Ìjọba kò lè dúró de ìdájọ́ tí ó pé pátápátá kí ó tó kó ènìyàn kúrò nínú ewu. Ìṣọ́ra lè tọ̀nà nígbà tí ìmọ̀ kò tíì pé. Ohun tí ó tọ́ sí ìjọba ni kí a sọ fún un bí ìmọ̀ náà ti dájú tó.

Guadeloupe ṣì ní òkè rẹ̀. Ooru omi ṣì ń jáde lórí Soufrière, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti wà ní ọdún 1976. Bí eérú bá tún bọ́ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn ní òru ọjọ́ kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a óò béèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò ní yàtọ̀ sí ti ìgbà náà: ṣé omi ni, àbí òkúta yíyọ́? Ṣùgbọ́n kí a tó ka èérún eérú kan tán lábẹ́ awò, a óò ti pe ilẹ̀ tí ń mì, òkè tí ń wú, gáàsì tí ń jáde àti òkúta tí ó fò wá sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú.